Ìrìn Àjò Ògúnrìndé àti Arìnjẹ́jẹ́ Mọ́tò Rẹ̀ sí Ìlú Afẹ́fẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó bá ní àpótí, kí ó fi jókòó. Ẹni tí kò bá ní, ilẹ̀ Ọlọ́run kì í kọ ìdí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ọ̀fun ẹlòmíràn.

Èmi Ọdẹ́gbàmí tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ gùn ju òpó ilé yìí lọ. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, mo sì jẹ ẹran tirẹ̀ mọ́ tèmi, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ògúnrìndé ọ̀rẹ́ mi ni, ọdẹ bíi tèmi, ará ìlú Ìdí-Oṣè. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa: kì í purọ́, kò tilẹ̀ ní ọgbọ́n irọ́.

Ògúnrìndé yìí ní mọ́tò kan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tí ó kó lọ sí òkè òkun ni ó fi í sílẹ̀ fún un. Mọ́tò náà kì í mu epo bẹntiróòlù. Kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń bú ramúramù, kò ní ihò tí èéfín ń gbà jáde nídìí. Bátìrì ńlá kan ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀ bí ẹní, iná mànàmáná sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ògúnrìndé to páńẹ́ẹ̀lì sólà méjìlá sí orí òrùlé, òun ni ó ń gba oòrùn tí ó fi ń bọ́ mọ́tò náà. Nọ́ńbà kan wà níwájú awakọ̀: bí bátìrì bá yó, á kọ ọgọ́rùn-ún, bí ebi bá ń pa á, á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan òdo. Ìgbà tí ó bá kan òdo, ẹ̀yin ará mi, àpáta sàn jù ú lọ, nítorí pé a lè jókòó lórí àpáta kí inú má bí wa.

Arìnjẹ́jẹ́ ni ó sọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbé e jáde. Á fi kó iṣu láti oko, á fi gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, á fi lọ wo tàkúté rẹ̀ ní ẹ̀bá igbó. Bí ọdẹ ṣe ń ka ẹ̀tù nínú àpò rẹ̀ ni ó ṣe ń ka nọ́ńbà náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń lọ sí oko, mẹ́rin ni mọ́tò yóò jẹ; bí òun bá ń bọ̀, bóyá ni yóò jẹ ẹyọ kan, nítorí pé òkè ni oko, ìsàlẹ̀ ni ilé, mọ́tò abátìrì sì máa ń gba agbára díẹ̀ padà bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà ọyẹ́ eruku á bo páńẹ́ẹ̀lì, á gun òrùlé lọ fi àkísà nù ún. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Bàbá Adéoyè, oòrùn kò ràn láti àná. Ṣé mọ́tò ni kí a fi ìwọ̀nba iná yìí bọ́ ni, tàbí fíríìjì tí ẹja mi wà nínú rẹ̀?”

“Ẹja ni,” Ògúnrìndé á dáhùn, á sì gbé àdá rẹ̀ kọ́ èjìká, á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ jẹ ẹja kò gbọdọ̀ bá ẹni tí ó ń sè é jiyàn.

Àìpariwo mọ́tò náà ni ó kọ́kọ́ kó wàhálà bá a. Ewúrẹ́ ìlú sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé oorun. Ní ọjọ́ kan ó wà á bọ̀ lẹ́yìn Bàbá Láníhùn, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, bàbá náà kò gbọ́ kinní kan. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn tí ó rí imú mọ́tò ní ẹ̀bá ìdí rẹ̀, ó fò bí ọmọ ọdún méje, ó di orí igi ìbẹ́pẹ. Àkàbà ni wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọba ní kí Ògúnrìndé so ṣaworo mọ́ iwájú mọ́tò rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Gbogbo ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ohun tí kì í mu epo, agbára wo ni yóò ní?”

Báyìí ni nǹkan rí títí Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé, ìyá Ògúnrìndé, fi kọ oúnjẹ.

Obìnrin yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, Ẹfúnyẹmí, àkọ́bí rẹ̀, ní òun yóò fẹ́ ọkùnrin kan láti Ìlú Afẹ́fẹ́, ní òdìkejì igbó àwọn iwin. Ìyá ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Nígbà náà ni ìyá là á mọ́lẹ̀: “Bí o bá fẹ́ ọmọ afẹ́fẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ inú ilé mi mọ́ láyé.” Ẹfúnyẹmí di ẹrù rẹ̀, ó lọ, a kò sì rí i mọ́.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, wọ́n gbé ẹ̀kọ síwájú ìyá, ó tì í sẹ́yìn. Wọ́n gbé iyán wá, ó yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ìlú yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò rí àìsàn kankan. Ó fa Ògúnrìndé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá, bí Ìyá kò bá jẹun láàárín ọjọ́ méje, mi ò lè ṣèlérí kankan o.”

Ògúnrìndé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. “Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kò jẹun?”

Ìyá yí ojú kúrò lára ògiri. “Ọ̀rọ̀ kan ni mo sọ nígbà kan,” ni ó wí. “Mo rò pé mo ti tu ú dànù. Àṣé mo gbé e mì ni. Ó ti dábùú ọ̀fun mi, kò jẹ́ kí oúnjẹ rí ọ̀nà kọjá.”

Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni Ògúnrìndé, ó sì gbọ́ orúkọ tí kò pè.

Ẹsẹ̀ ènìyàn á lo oṣù kan gbáko kí ó tó dé Ìlú Afẹ́fẹ́. Mọ́tò elépo kò sì lè dé ibẹ̀, nítorí pé inú Igbó Má-Jí-Mi ni ọ̀nà gbà, àwọn iwin tí ó ń sùn níbẹ̀ kì í dárí ji ariwo. Ọkùnrin mẹ́ta ti gbé mọ́tò wọ inú rẹ̀ rí. Fìlà wọn nìkan ni odò gbé padà wá fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń fi Arìnjẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ojúde Ògúnrìndé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ pa mọ́tò náà lára. Bàbá Láníhùn fúnra rẹ̀ ni ó tú ṣaworo kúrò níwájú rẹ̀. Àyọ̀ká gbé apẹ̀rẹ̀ àkàrà àti ẹ̀kọ sórí ìjókòó iwájú. Ó ní, “Má ṣe akin ju bí ó ti yẹ lọ o. Ilé ni mo fẹ́ kí o padà sí, n kò fẹ́ oríkì.”

Nọ́ńbà kọ ọgọ́rùn-ún. Ògúnrìndé gbéra.

Nígbà tí ó dé Igbó Má-Jí-Mi, ọ̀sán gangan di bí ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ewé so mọ́ ewé lókè. Ewé jíjẹrà tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ bí tìmùtìmù. Ní ọ̀tún àti ní òsì ni àwọn iwin sùn sí: òmíràn gun igi, òmíràn fi orí rọ òmíràn, òmíràn sì tú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ó lè rí ibi na ìyókù. Arìnjẹ́jẹ́ ń yọ́ kọjá láàárín wọn bí ejò inú òwú. Ògúnrìndé di èémí rẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń mí yìí, ṣé ẹ mọ iye tí ó jẹ́ láti má mí? Èmi ti ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ó já síta ni táyà gun gbòǹgbò igi kan, apẹ̀rẹ̀ àkàrà sì fò sókè, ó balẹ̀ gbì sórí ìjókòó. Mọ́tò ọ̀hún, tí ó gbọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, rò pé ènìyàn ni ó jókòó tí kò de bẹ́líìtì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké: “Pín-ìn! Pín-ìn! Pín-ìn!”

“Àkàrà ni!” Ògúnrìndé sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́. “Àkàrà ni, kì í ṣe ènìyàn! Dákẹ́!”

Ta ni ń gbọ́? Ó fa bẹ́líìtì, ó de apẹ̀rẹ̀ mọ́ ìjókòó, igbe dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Iwin kan ti dìde dúró síwájú rẹ̀, tí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí àtẹ tí a fi ń sá èlùbọ́. Elétí-Àtẹ ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí wọn.

“Ta ni ó jí mi?” ni ó bèèrè. “Ọgọ́ta ọdún péré ni mo tíì sùn!”

Ògúnrìndé sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ìyá mi ni kò jẹun.”

“Mo gbọ́. Mo ń gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń kùn láti ìhín.” Elétí-Àtẹ fẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, ewé igi mì. “Kò sí ohun tí n kò gbọ́. Mo gbọ́ bí koríko ṣe ń hù, mo gbọ́ bí ẹja ṣe ń ronú. Ọmọ aráyé, mú ohun kan tí etí mi kò gbọ́ rí wá, n óò jẹ́ kí o kọjá. Bí o kò bá mú un wá, n óò jẹ ọ́, n óò sì fi àkàrà yẹn tì ọ́ lẹ́yìn.”

Ògúnrìndé sun ìjálá kan. Iwin ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá Ògúnrìndé, bàbá náà sì sun ún dáadáa jù ú lọ. Ó sọ àṣírí kan tí kò sọ fún Àyọ̀ká rí. Iwin rẹ́rìn-ín, ó ní Àyọ̀ká mọ̀, pé ó ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Òógùn bo Ògúnrìndé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí Arìnjẹ́jẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “ẹ wọlé kí ẹ jókòó, kí ẹ wá gbọ́ ohùn mọ́tò mi.”

Iwin ká etí rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ká ẹní, ó sì há ara rẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó di ojú, ó sì ṣí etí sílẹ̀. Ó ń retí ramúramù. Ó pẹ́ títí, ó ní, “Ìgbà wo gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀?”

“Kábíyèsí, a ti kọjá igi márùndínlógójì.”

Elétí-Àtẹ la ojú, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó gbé etí rẹ̀ lé ilẹ̀ mọ́tò, ó gbé e lé òrùlé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìrìn tí kò ní ariwo,” ni ó wí, “n kò gbọ́ èyí rí o. Ó dùn ju orin lọ.” Kí Ògúnrìndé tó dáhùn, iwin ti sùn lọ sórí ìjókòó. Ọ̀rẹ́ mi ni ó wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ó tẹ́ ẹ sórí ewé bí ìyá ṣe ń tẹ́ ọmọ, tí ó sì fi etí rẹ̀ bò ó.

Nígbà tí ó jáde nínú igbó, nọ́ńbà kọ méjìdínlọ́gọ́ta. Ọjọ́ kejì ni ó dé Ìlú Eléfín.

Ìlú yìí, ojú ọ̀run rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mọ́tò elépo kún ibẹ̀, wọn kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì wọn. Bí wọ́n bá pàdé, wọn á ní, “Ẹ kú èéfín,” èkejì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dáhùn pé, “Kó máa rú o.” Ọba wọn, Èéfínládé, jókòó lórí garawa epo, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ èéfín sí i lára dípò atẹ́gùn.

Bí Arìnjẹ́jẹ́ ṣe wọ ìlú, wọ́n pagbo yí i ká. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ìdí mọ́tò wò, ó sì fi igbe ta.

“Kò ní ihò ìdí! Yéè, kò mí! Òkú ni wọ́n gbé wá!”

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbalẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun bo Arìnjẹ́jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun rárà òkú fún un. Àwọn géńdé mẹ́fà gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́ sàréè tí ó tó mọ́tò. Ògúnrìndé ń sáré kiri: “Kò kú o! Ẹ̀yin ènìyàn, kò kú!” Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń ṣípẹ̀ fún un pé kí ó gba kámú, pé ọ̀fọ̀ ni ó ń dà á láàmú, pé gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wólẹ̀ níwájú ọba. “Kábíyèsí, kí ni òkú kò lè ṣe?”

Ọba ronú, ó wúkọ́. “Òkú kò lè sáré.”

“Ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ ń sin bá mọ́tò yín sáré.”

Inú ọba dùn púpọ̀, nítorí pé láti ọjọ́ tí ó ti jọba, kò sí ẹni tí ó gbà láti bá a sáré. Wọ́n gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, Abúbíàrá, tí ihò ìdí rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní igi àràbà tí ó wà lókè lọ́hùn-ún ni òpin. Abúbíàrá bú, ilẹ̀ mì, adìyẹ yé ẹyin tí kò tíì pé oṣù. Arìnjẹ́jẹ́ kò sọ nǹkan kan. Olóyè kan ju fìlà sókè pé kí wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ò mọ mọ́tò abátìrì. Mọ́tò elépo á kọ́kọ́ bínú kí ó tó sáré. Mọ́tò abátìrì kì í bínú. Kí fìlà olóyè tó balẹ̀, Ògúnrìndé ti dé ìdajì ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, aṣọ òkú ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òrùlé. Nígbà tí ọba dé ìdí àràbà, Ògúnrìndé ti jẹ àkàrà méjì.

Ọba sọ̀kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a jókòó. “Òkú yìí yára o! Bí ikú bá rí báyìí, èmi náà kò kọ̀ ọ́.” Ó fún un ní kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta. Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, kò gbà á. A kì í kẹ́gàn oore, ṣùgbọ́n oore mìíràn dà bí kí a fún ẹja ní agboòrùn. Ìgbà tí ó wo nọ́ńbà, inú rẹ̀ bàjẹ́. Eré dùn, ó sì jẹun púpọ̀: mẹ́sàn-án ni ó kù.

Òkè Àárẹ̀ ni ó kàn, òkè tí orí rẹ̀ wà nínú ìkùukùu, Ìlú Afẹ́fẹ́ sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Ògúnrìndé ṣírò rẹ̀: bí òun bá pa ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tí òun rọra wà á, mọ́tò lè bá òun dé orí òkè, bóyá. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni ìyá arúgbó kan jókòó sí, ó sanra, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ọmọ mi, gbé mi.”

“Ìyá, mẹ́sàn-án péré ni ó kù fún mi.”

“Ṣé iye tí ó kù ni mo bèèrè?”

Ògúnrìndé wo òkè, ó wo ìyá náà. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ìyá tìrẹ ń kú lọ nílé, má jẹ́ kí ìyá ẹlòmíràn dá ọ dúró. Ó tẹ mọ́tò lọ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó tẹ búréèkì. Bí ó ti sọ fún mi, ó ní ṣe ni òun ronú pé bí Ẹfúnyẹmí bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà báyìí lọ́jọ́ tí ó jáde nílé, ṣé ẹnikẹ́ni gbé e? Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Méje. Márùn-ún. Oòrùn ń jó, wọn kò tan ẹ̀rọ atẹ́gùn, òógùn Ògúnrìndé ń kán sórí sitiarin. Ìyá náà ń jẹ àkàrà. Mẹ́ta. Méjì. Wọ́n dé góńgó orí òkè, nọ́ńbà kọ oókan, mọ́tò ń falẹ̀ bí ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó ń lọ.

“Ó ti tán, ìyá,” ni Ògúnrìndé wí.

“Kò tíì bẹ̀rẹ̀,” ni ìyá náà dáhùn. “De bẹ́líìtì rẹ.”

Mọ́tò tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ní kọ́nà kìíní, ìyá náà wúwo bí àpò ìrẹsì mẹ́wàá. Ní kọ́nà kejì, ó wúwo bí màlúù méje. Ní ẹ̀kẹta, ó wúwo bí ilé alájà, táyà ń ké, ẹ̀yìn mọ́tò ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ògúnrìndé kígbe, ó fi ẹsẹ̀ lé búréèkì, ó rò pé òpin dé. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà. Mẹ́fà! Mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé mọ́tò abátìrì ń gba agbára padà bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, àbí n kò sọ ọ́? Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni agbára tí ó ń gbà ṣe ń pọ̀ tó. Méjìlá. Ogún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó kọ ogójì.

Ìyá náà bọ́ sílẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó nu ẹnu rẹ̀. “Àwọn tí ó kọjá lánàá wò mí, wọ́n ní ẹrù ni mí. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró bèèrè irú ẹrù tí mo jẹ́.” Ó gba ojú òkè padà, ó sì wọ inú ìkùukùu lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ni ó wọ Ìlú Afẹ́fẹ́, nọ́ńbà ti di ọgbọ̀n nítorí pé ọ̀nà náà jìn. Níbẹ̀, òpó gíga gíga wà káàkiri tí abẹ̀bẹ̀ ńlá ń yí lórí wọn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń yí wọn, àwọn ni ó sì ń fún ìlú náà ní iná. Ọkùnrin tí ó ń tọ́jú wọn ga, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Atẹ́gùnlọlá ni, ọkọ Ẹfúnyẹmí. Ó ń mú àlejò wọlé ni ìyàwó rẹ̀ yọ sí wọn.

Irun Ẹfúnyẹmí ti ń funfun. Ó wo ọkùnrin tí ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ògúnrìndé? Ọmọ ìyá mi?” Ó dì mọ́ ọn. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Nígbà tí ó sọ iṣẹ́ tí ó bá wá, ọwọ́ Ẹfúnyẹmí já kúrò lára rẹ̀.

“Ìyá ni ó rán ọ, tàbí ìwọ ni ó rán ara rẹ?”

Mo ti sọ fún yín pé kò ní ọgbọ́n irọ́. “Èmi ni mo rán ara mi, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ tẹ inú ilé òun. N kò ní í tẹ̀ ẹ́.” Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Inú bí Ògúnrìndé débi pé bí mọ́tò rẹ̀ bá jẹ́ elépo, ì bá rọ epo sí i lójú ẹsẹ̀, ì bá sì lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n kò lè gun Òkè Àárẹ̀ padà kí ó tún dé ilé. Atẹ́gùnlọlá fa wáyà láti ìdí òpó, ó ki orí rẹ̀ bọ Arìnjẹ́jẹ́. Ó gbé ojú sókè wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. “Afẹ́fẹ́ ń ṣe ọ̀lẹ lónìí, àna mi. Ẹ óò jókòó títí di ìrọ̀lẹ́.”

Ló bá di ìjókòó. Bátìrì ń mu iná díẹ̀díẹ̀ bí àgbà tí ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ọgbọ̀n di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí oòrùn ga, Ẹfúnyẹmí gbé oúnjẹ jáde, nítorí pé bí ó ti wù kí a bínú tó, ọmọ ìyá ẹni kì í fi ebi jókòó lójúde ẹni. Kò sí ibòòji mìíràn, ó wọ inú mọ́tò jókòó tì í. Inú mọ́tò náà tutù, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹfúnyẹmí bèèrè bóyá igi òroǹbó ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so. Ògúnrìndé ní ó ń so. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún bèèrè bóyá ìyá ṣì ń kọrin bí ó bá ń gúnyán.

“Ó ń kọ ọ́, kò sì bá ohùn mu.”

Ẹfúnyẹmí bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣòro fún un láti dá ẹ̀rín náà dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ka ọdún méjìlélógún fún ara wọn, ẹni tí ó bí, ẹni tí ó kú, ẹni tí ó fi orí igi ìbẹ́pẹ ṣe ibi ìsádi. Nígbà tí bátìrì dé ọgọ́ta, Ẹfúnyẹmí wo iwájú, ó ní, “Kí ni ó sọ gan-an? Sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́.”

“Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà kan, òun rò pé òun ti tu ú dànù. Àṣé òun gbé e mì ni. Ó ní ó ti dábùú ọ̀fun òun.”

Abẹ̀bẹ̀ ń yí lókè, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Ẹfúnyẹmí fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

“Mo rò pé èmi nìkan ni ó há sí lọ́fun,” ni ó wí.

Ó dìde. “N óò bá ọ lọ. N kò ní í wọlé rẹ̀ o. Ẹnu ọ̀nà ni n óò dúró sí, kí ó rí mi, kí ó jẹun.” Atẹ́gùnlọlá gbé aṣọ òtútù fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òkè máa ń tutù.

N kò ní í fi ìpadàbọ̀ wọn gbà yín lásìkò. Elétí-Àtẹ ń sùn, ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ọba Èéfínládé fẹ́ kí wọ́n tún sáré, wọ́n sọ fún un pé òkú ń kánjú. Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni Arìnjẹ́jẹ́ yọ sí ojúde Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé láìsí ẹni tí ó gbọ́, títí Àyọ̀ká fi fẹ́ da omi àwo sórí rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Wọ́n sọ fún ìyá. Ó ní kí wọ́n gbé òun dìde. Ògúnrìndé fẹ́ gbé e, ìyá gbá a lọ́wọ́. “Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti kú ni?” Ọ̀pá ni ó tẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, títí ó fi dé ìdí mọ́tò. Ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sì pa á dé.

Gbogbo wa dúró yí mọ́tò náà ká, nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Gíláàsì nípọn. A rí i tí ẹnu ìyá ń ṣiṣẹ́, tí orí ọmọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. A rí i tí ọmọ sọ̀rọ̀, tí ìyá sì nu ojú pẹ̀lú etí ìró. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó bí ìgbà tí iṣu ń jinná. Lójijì, gíláàsì sọ̀kalẹ̀, ìyá yọ orí jáde.

“Àyọ̀ká! Kí ni ẹ ń wò? Ẹ̀kọ dà?”

Ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta àti odidi ẹja. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Ẹfúnyẹmí mú, ó sì ní kí ó mú òun wọlé, pé ẹsẹ̀ òun nìkan kò lè gbé òun. Àwọn méjèèjì jọ wọlé lọ, nọ́ọ̀sì sì ń sunkún bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, Ògúnrìndé jí láàárọ̀ láti lọ sí oko, ó bá ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ti wọ aṣọ òfì, ó ti de bẹ́líìtì, iṣu mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀, Ẹfúnyẹmí sì jókòó ti iṣu.

“Ìyá mi, níbo?”

“Lọ́dọ̀ ọkọ ọmọ mi ni. Wà á lọ.” Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Ọdún méjìlélógún ni mo fi ẹnu bú ọkùnrin náà. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i.”

Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ìdí yín. Mo ti sọ tèmi, ọ̀fun mi sì ti gbẹ.